Àgbà Obìnrin Kan ní Redan

Ọláníyì nílò àgbà kan. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìlera ìbílẹ̀ ní fásitì kan ní Downtown Atlanta, wọ́n sì ti pàṣẹ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá àgbàlagbà tó mọ ewé àti egbò, kí ó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí ó sì kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, físà rẹ̀ yóò sì bá a lọ.

Orí bá a ṣe é, ìyá rẹ̀ dé láti Ìbàdàn sílé wọn ní Redan ní oṣù yẹn gan-an.

"Ṣé Mọ́mì mọ ewé ni?" Mọ́tọ́lá ìyàwó rẹ̀ bi í. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń múra shift lọ́wọ́.

"Ìyá wo nílé ni kò mọ ewé? Leave it to me."

Ìyá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Níyì, Mọ́kọ́lá láàárín ìgboro ni wọ́n bí mi sí. Táípíìsì ni mí ní Sẹkitéríàtì fún ọdún márùndínlógójì. Nígbà tí ibà bá mú ọ, chloroquine ni mo máa ń fún ọ. Ewé wo ni mo fẹ́ mọ̀?"

Ọláníyì rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn àgbà kì í tètè tú àṣírí. Níbi tí wọ́n ti ní kí ó sọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ pé: àgbà obìnrin abúlé, kò mọ̀wé, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mọ́ ọn.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá fail eléyìí, wọ́n máa dá mi padà sílé ni o."

Ìyá gbójú sókè wò ó. Jìnnìjìnnì hàn lójú ọmọ náà, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ gan-an?"

"Ti ibà la máa fi bẹ̀rẹ̀."

"Ó di ọ̀la," ìyá wí.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mọ ti ibà. Ó dárúkọ ewé márùn-ún, ó sọ ibi tí wọ́n ti ń hù, ó sọ èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ mu. Ọláníyì ń kọ ọ́ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tó bi í ní ti inú rírun, ìyá tún ní ó di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lójoojúmọ́, bí oúnjẹ ọ̀sán bá ti wọlé, ìyá á lọ sí yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á ní òun fẹ́ rẹjú. Ọláníyì kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa oorun náà. Ó ní inú rẹ̀ ni àwọn baba ńlá ti ń bá ìyá òun sọ̀rọ̀.

Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé títí ojú wọn fi pọ́n. Òun ń wo bọ́ọ̀lù. Ó ní kí ni èèyàn tún ń wá nínú ìwé òyìnbó nígbà tí orísun ìmọ̀ ń jẹ ìrẹsì ní kíṣìnnì òun?

Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá lásìkò yẹn, Mọ́tọ́lá sì mú un lọ pààrọ̀ dígí ojú rẹ̀. Ọláníyì kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń rí ohun ìkọ̀kọ̀, ojú rẹ̀ kò lè ṣàì rẹ̀ ẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ìyá ní kí wọ́n se ewé efinrin lórí iná fún ọjọ́ méje.

"Ọjọ́ méje, Mọ́mì?"

"Ó ya èmi náà lẹ́nu."

Ọláníyì kọ odindi orí kan lórí ohun tí méje jẹ́ nínú àṣà wa, ó sì fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Dókítà Edith pè é. Olùkọ́ rẹ̀ ni, òyìnbó tó ti lo ọdún méjìlá láàárín àwọn eléwé ọmọ ní Èkìtì. Ọláníyì wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà. Ó wa ọkọ̀ dé Indian Creek, ó wọ reluwé, ó ń dá rẹ́rìn-ín títí ó fi dé Downtown. Ó ti ń ro ohun tí yóò sọ bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀bùn.

Dókítà Edith kò rẹ́rìn-ín.

"Ìṣẹ́jú méje ni wọ́n ń se efinrin," ó ní. "Àwọn tó tẹ ìwé mi ló ṣì í, wọ́n fi ọjọ́ sí i. Kò sí ibòmíràn tí àṣìṣe yẹn wà, ìwé yẹn ni mo sì ní kí gbogbo yín kà. O da ìwé mi kọ, o wá fi ìyá rẹ bojú."

Ọláníyì figbe ta. "Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò ṣí ìwé yẹn rí!"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí ó tó mọ ohun tó sọ. Ó sáré pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí ohùn gbangba.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tí ẹ ti mọ ewé fún Dókítà Edith."

Ìyá kí Dókítà Edith ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, ó ní òun ti ka ìwé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mejì, pé òun lòun já ọ̀rá tí wọ́n fi wé ti Níyì, ó sì bèèrè bóyá àyè ṣì wà fún òun ní kíláàsì náà ní sáà tó ń bọ̀.