Ohùn Mẹ́wàá Tí Ẹ̀rọ Kọ̀

Adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Adétóún, mo ti gbọ́ ẹjọ́ yín. Ṣùgbọ́n ìlú Ìràbà ló ń ṣàkóso ara rẹ̀. N kò lè gbẹ́jọ́ rẹ̀ àfi bí olórí rẹ̀ bá gbà. Ọ̀gbẹ́ni Fálọ́bí, ṣé ẹ gbà?"

Fálọ́bí, tó fi ìbò mẹ́sàn-án borí Adétóún nínú ìdìbò olórí ìlú, dìde. "A ò gbà, Olúwa mi."

Adétóún bẹ̀rẹ̀ sí kó ìwé rẹ̀ jọ.

"Àbúrò," Fálọ́bí kọjú sí i, "mi ò ní fi ẹ̀tọ́ ìlú wa tọrẹ níbí. Jẹ́ ká lọ gbọ́ ẹjọ́ náà nílé."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, gbogbo ìlú pé sí pápá ilé ìwé. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbé ohùn àwọn arúgbó ìlú mẹ́wàá jáde, àwọn tó fi ohùn dìbò láti àwọn ilé orí omi l'Ékòó. Ẹ̀rọ tó ń fi ohùn dá olùdìbò mọ̀ ti kọ̀ wọ́n, ó ní ohùn wọn ti yí padà. Ìlú fẹnu kò pé ohùn tí ẹnikẹ́ni bá dá mọ̀, wọn yóò ka ìbò rẹ̀.

"Adétóún ni mo yàn," ohùn kan wí.

"Ìyá Ṣiyanbọ́lá nìyẹn!" obìnrin kan kígbe. "Ó ṣì ń fi imú sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá mẹ́sàn-án mọ̀, Adétóún ni gbogbo wọn yàn, ìbò sì dọ́gba. Ohùn kẹwàá náà dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá a mọ̀. Bí ìbò bá dọ́gba, ẹni tó wà lórí àga ni yóò máa ṣe olórí lọ; Adétóún gbà pé ó ti parí.

Fálọ́bí ì bá dákẹ́, kò sì sí kóòtù tó lè bi í. Ó nawọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó ti kúrò nílé. Òun ló kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ sísọ."

Adétóún, olórí tuntun, kúnlẹ̀ fún Fálọ́bí níwájú gbogbo ìlú.