Orin Tí Erin Ń Kọ Nídìí Òpó

Àlọ́ tèmi kò lọ jìnnà, inú ilé Erin ló balẹ̀ sí.

Ikán jẹ òpó kan nílé Erin. Erin pe Ọ̀kẹ́rẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ó gé òpó náà, ó sun ún, ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, díẹ̀ nínú ikán náà lè ti sá wọ inú àwọn òpó yòókù lọ sùn. Ẹ jẹ́ kí n máa wá kan òpó kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún."

Ọdún kan kọjá, ẹnikẹ́ni ò rí ikán. Ojú wá ń ti Erin níwájú àlejò bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ń kan òpó kiri ilé rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, ó jọ pé ìwọ lo fẹ́ kí ikán padà wá." Ó lé e jáde, ó pe gbogbo ẹranko wá bá a yọ̀, ó sì lé orin:

"Ikán dà?"
"Ó ti kú, ó ti tán."

Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ọ́. Lọ́dún karùn-ún, Erin fara ti òpó àárín ilé, ó lé orin rẹ̀:

"Ikán dà?"

Kí àwọn àlejò tó gbè é, inú òpó ti dáhùn:

"A sùn ni, a ti jí."

Erin ṣì ń bínú pé ta ló ń ba orin òun jẹ́ nígbà tí òrùlé wó lé e lórí.

Láti abẹ́ rẹ̀ ló ti ránṣẹ́ sí Ọ̀kẹ́rẹ́ pé kó máa bọ̀ wá kan òpó.

Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, ó wò yíká. Ó ní, "Bàbá, òpó wo?"