Yẹtí Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Bí ìyá arúgbó kan ṣe gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré yọ yẹtí kan létí, ó jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti àárọ̀ tó ti ṣubú ló ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yẹn, tí ìbàdí ń ta á. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí wọ́ dé ẹ̀bá àpótí ìjókòó tó fẹ́ dì mú dìde ni.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wọlé.

"Màmá! Ṣé kì í ṣe pé ẹ ṣubú? Ẹ rántí o, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣubú, ẹ ti kúrò nílé yìí nìyẹn, ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀."

"Ta ló ṣubú? Yẹtí mi ni mò ń wá, jàre."

Nọ́ọ̀sì tan iná fóònù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí yẹtí, ó sì mú un fún ìyá rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ó yá, ẹ dìde."

"Fi mí sílẹ̀, ilẹ̀ yìí tutù, ó ń tù mí lára."

"Mo tiẹ̀ ti pẹ́. Àwọn àgbàlagbà kan ń dúró dè mí, mo fẹ́ kọ́ wọn bí wọn ò ṣe ní máa ṣubú nílé. Ẹ̀yin ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ."

"Sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi ṣì le ju tìrẹ lọ."

Nọ́ọ̀sì ti fẹ́ jáde kó tó rí àpótí.

"Ẹ ò rí nǹkan! Irú èyí gan-an ló ń gbé àgbà ṣubú."

Ó gbé e lọ sí kíṣìnì, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyá arúgbó fi yẹtí padà sétí. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ síbi tí àpótí wà tẹ́lẹ̀.