Rapolas Fún Ọkà Títí Ó Fi Kan Èèpo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tó bá kà á dé ìdajì á rò pé ọ̀rọ̀ ọtí lásán ni. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́.

1.

Ní abúlé wa lẹ́bàá Biržai, ní àríwá Lituéníà, bàbá ìyàwó ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ pọn ọtí bíà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ife onígi kan ṣoṣo ló ń yí tábìlì ká. Ẹni tó pọn ọtí ló ń jókòó sí ìjókòó àgbà nídìí tábìlì, òun ló ń kọ́kọ́ mu, á wá rọ fún ẹni tó tẹ̀lé e. Onítọ̀hún á mu ún gbẹ, á rọ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gbé ife sílẹ̀ láìgbẹ ti bú ọtí náà nìyẹn, kò tún nílò kó la ẹnu.

Rapolas fẹ́ fa Gintarė, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fún ọkọ. Juozapas, bàbá ọkọ, sì jẹ́ gbajúmọ̀ apọntí ní abúlé kejì. Ohun tó ń jẹ Rapolas lọ́kàn nìyẹn.

Ìyá rẹ̀ tó ti kú ló kọ́ ọ níṣẹ́. Fọ́ ọkà bálì tó ti hù tó sì gbẹ sí wẹ́wẹ́, má lọ̀ ọ́ kúnná. Rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, kí oje dídùn máa ro jáde nísàlẹ̀ àgbá. Rọra máa da omi gbígbóná lé e, kó ṣan adùn tó kù.

"Tí ahọ́n rẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá adùn kiri," ìyá náà máa ń wí, "dá omi dúró. Ìyókù ti màlúù ni."

Màlúù Zita ló ń sọ, opó tó wà ní ilé kejì. Zita ló ń kó èèrí ọkà tó bá ṣẹ́ kù nínú àgbá lọ fún màlúù rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

2.

Rapolas kà lórí fóònù pé àwọn kan nílùú ńlá ń rí àádọ́rùn-ún gbà nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún adùn tó wà nínú ọkà. Ó wọn tirẹ̀. Àádọ́rin ni.

"Ogún ọdún ni mo fi ń fi adùn mi bọ́ màlúù onímàlúù," ló sọ fún Aldona, ìyàwó rẹ̀.

"Bàbá Gintarė, tí ẹ bá fẹ́ adùn sí i, ẹ bu ọkà kún un. Àpò méjì ṣì wà nínú àká."

"Ọ̀lẹ ló ń bu ọkà kún un."

Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà ṣe. Ó lọ ọkà kúnná bí ìyẹ̀fun. Ọkà lẹ̀ mọ́ra bí amọ̀, oje kọ̀, kò ro mọ́. Ló bá gbé omi tó ń hó dà lé e, ó ń fi igi rò ó, ó da òmíràn, ó tún da òmíràn. Ohun tó ń ro jáde ti tẹ́ lẹ́nu pátápátá, Rapolas kò dáwọ́ dúró. Nígbẹ̀yìn, ó kó èèrí sínú aṣọ, ó fún un bí ẹni fún ṣòkòtò tí a fọ̀. Ó wọn ọ́n: méjìléláàádọ́rùn-ún. Ó jó yí àgbá ká.

Zita dé pẹ̀lú garawa rẹ̀. Ó bu èèrí sọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò.

"Rapolas, èèpo lásán ni o ṣẹ́ kù fún mi yìí. Màlúù mi á máa wò mí, èmi náà á máa wò ó."

"Kó lọ ra ṣúgà."

Zita kò rẹ́rìn-ín. "Èèpo ní nǹkan tirẹ̀ tó tọ́jú pamọ́. Bí o bá fi omi híhó fipá gba adùn rẹ̀, èyí tí o kò bèèrè á bá a jáde."

"Ìlara ń dà ọ́ láàmú."

3.

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì, ó ṣí àgbá tó ti da oje náà sí kó lè di ọtí, ó tọ́ ọ wò. Ẹnu rẹ̀ fún pọ̀ bí ẹni rún èèpo igi. Ó da oyin sí i, oyin dùn lọ́tọ̀, èèpo ọkà ń fún ẹnu lọ́tọ̀.

Zita rí ojú rẹ̀ láti ìdí ọgbà. "Mo ní àgbá ọtí kan tí mo fọwọ́ ara mi pọn lábẹ́ ilé. Wá gbé e. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ọtí onímàlúù kọ́ ni wọ́n máa mu níbi ìgbéyàwó ọmọ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibí yìí ni ìtìjú náà ti ṣeé yẹ̀ sílẹ̀.

4.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Rapolas jókòó sí ìjókòó àgbà nídìí tábìlì, ó kọ́kọ́ mu, kò jẹ́ kí ojú òun yí padà. Ó rọ fún Juozapas. Juozapas mu, ó fi ahọ́n nu eyín, ó mu ún gbẹ nítorí àna. Ó rọ fún àbúrò rẹ̀. Ìyẹn fẹnu kàn án, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Dókítà ní kí n rọra."

Ẹni tó tẹ̀lé e ní òun máa wa ọkọ̀. Ìyá àgbà kan tí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀ náà ní òun máa wa ọkọ̀. Ife wá dúró láàárín búrẹ́dì dúdú àti wàràkàṣì, ọtí ṣì kún inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo Rapolas lójú.

Gintarė dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó gbé ife, ó mu ún gbẹ. Omi lé sí i lójú.

"Ó dùn, Bàámi."

Rapolas ì bá fara mọ́ èébú ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ ayọ̀ ọmọ rẹ̀, lójú gbogbo ènìyàn, ọmọ ń purọ́ nítorí rẹ̀.

Ó dìde, ó ṣí fìlà, ó rìn dé ìsàlẹ̀ tábìlì níbi tí Zita jókòó sí.

"Màmá Zita, ẹ jọ̀ọ́. Àgbá yẹn."

"Ó wà níbi tí mo ní ó wà."

Wọ́n yí i wá. Ẹni tó pọn ọtí ló ń jókòó sí ìjókòó àgbà, nítorí náà Rapolas fa àga tirẹ̀ fún opó, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ife yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Juozapas ló rọ ọ́ fún un. Rapolas wo inú rẹ̀ pẹ́ kó tó mu ún, bẹ́ẹ̀ ló sì ń wo inú ife èyíkéyìí kó tó mu títí dòní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pọntí, ẹ má lọ ọkà di ìyẹ̀fun, ẹ má da omi híhó lé e, ẹ bu ọkà kún un bí adùn kò bá tó. Ẹ̀yin tí ẹ kì í pọntí, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún màlúù aládùúgbò. Bí ẹ bá sì ti ṣìnà, ẹ tètè jẹ́wọ́ kí ọmọ yín tó di òpùrọ́ nítorí yín. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹ̀tẹ́ ní í gbẹ̀yìn àṣejù.