Díìsìkì Tó Kú

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ oníbodè ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí òròmọdìyẹ tó sọ ìyá rẹ̀ nù. Iná kan pọ́n níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí kò ju pé kó jókòó sẹ́nu ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì, kó máa yẹ gbogbo ohun tó ń wọlé wò, kó sì lé àwọn aláìníwà padà. Díìsìkì méjì ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí èkíní bá kọ, èkejì á dà á kọ, kí ọ̀kan má bàa kú kí ọ̀rọ̀ sì bá a lọ sọ́run.

Ọ̀kan ti kú. Ohun tí iná pupa wí nìyẹn.

Ọ̀gá Pátá, tó ni ilé-iṣẹ́, kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ. Ó béèrè ẹni tó wọ ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Màmá tó ń nulẹ̀ ní òun ni.

"Ọ̀pá ìnulẹ̀ mi ló kan kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ yẹn wà, sà. Bí mo ṣe yí padà ni iná yẹn pọ́n."

"Ó kàn án báwo?"

"Kò le rárá, sà. Bí èèyàn ṣe ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Pátá kò rín. Ó ní bí díìsìkì bá kú lóòótọ́, màmá á kó ẹrù rẹ̀ lónìí. Bí kò bá kú, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ó wá kọjú sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, tí gbogbo wọn ń pè ní Ẹnjiníà.

"Òótọ́ ni mo fẹ́ lẹ́nu rẹ o. Mi ò fẹ́ àánú."

"Mo gbọ́, sà."

Ẹnjiníà kò wo ojú màmá. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé-iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á síṣẹ́ ló ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má pe òun lọ́mọ níbẹ̀. Màmá ní kò burú. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé ní kọ́rídọ̀, màmá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Òun náà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, màmá." Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún pàdé nídìí oúnjẹ inú ìkòkò kan náà.

Díìsìkì tuntun kan wà nílẹ̀. Ẹnjiníà pe ẹni tó tà á fún wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè fi í sí i láìpa ẹ̀rọ?"

"Fa èyí tó kú yọ, ti tuntun wọlé, kí o pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó gbà á mọ́ra. Àmọ́ kọ́kọ́ bó ọ̀rá tó bo ẹnu rẹ̀ kúrò o. Gbogbo tuntun ló ní in. Bí o ò bá bó o, kò ní wọlé láéláé."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àná ni wọ́n bí mi ni?"

"Ẹni tí wọ́n bí lánàá kì í da èèyàn láàmú lórí fóònù," ni oníṣòwò náà wí, ó sì gé e.

Ẹnjiníà tẹ́ aṣọ ìnujú sórí tábìlì. Ó tú tuntun kúrò nínú páálí, ó gbé e lé e. Ó fa èyí tó kú. Ó yọ wẹ́rẹ́ bí eyín ọmọdé tó ti ń mì. Ó gbé e ti ìkejì. Wọ́n jọra bí ojú ọ̀tún ṣe jọ tòsì.

Ohùn màmá ń wọlé láti ìta. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ dákun sà, ẹ má jẹ́ kí n bá ìtìjú lọ sílé."

"Màmá, ẹ dìde ná," ni akọ̀wé kan wí. "Ṣé ẹ ò lọ́mọ tó lè bá yín bẹ ọ̀gá ni?"

"Mo ní. Ó wà níbi iṣẹ́."

Etí Ẹnjiníà gbóná. Ó lọ pa ilẹ̀kùn dé. Nígbà tó padà sídìí tábìlì, ó mú díìsìkì, ó tì í wọlé, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dún kà. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kó díìsìkì méjèèjì jáde nínú ẹ̀rọ láti fẹ́ eruku ara wọn, tó ń kánjú àtilọ sílé, kò rántí pé ohunkóhun dún nígbà tó tì wọ́n padà.

Ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rọ̀ láti inú díìsìkì tó wà láàyè sínú ìkejì. Igbe dákẹ́. Nígbà tó yá, iná pupa di àwọ̀ ewé.

Ọ̀gá Pátá wọlé.

"Ó ti ṣe?"

"Ó ti ṣe, sà."

"Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó kú àbí kò kú?"

Ẹnjiníà wo iná. "Tuntun wọlé, igbe dákẹ́. Ó kú, sà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Iná kì í purọ́, sà."

Màmá kó sálúbàtà rẹ̀, agbòòrùn rẹ̀ àti ife tíì rẹ̀ sínú àpò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà, ó dúró bí ẹni tó fẹ́ tún ìborí so.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ló wí sókè. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Má banú jẹ́. O ò lè purọ́ nítorí mi. Èmi náà ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Àwọn èèyàn wà nítòsí.

"Ẹ kú iṣẹ́, màmá," ni Ẹnjiníà dáhùn.

Òfin ilé-iṣẹ́ náà ni pé òkú díìsìkì gbọ́dọ̀ jẹ òòlù, kí aṣírí inú rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ aráyé. Ẹnjiníà gbé èyí tó kù lórí aṣọ ìnujú lọ sẹ́yìn ilé, ó sì gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù kan. Láti ibẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn màmá bó ṣe ń lọ létí títì, tí kò bojú wẹ̀yìn.

Ó na òòlù sókè, oòrùn sì kọ mànà lẹ́nu òkú náà, lára ọ̀rá tí ẹnikẹ́ni kò tíì bó.