Mẹ́mórì Tuntun Màmá Ànú

Kọ̀ǹpútà ilé Màmá Ànú ní Ìjù kọ̀, kò tàn mọ́.

Àárọ̀ yìí ni wọ́n ki mẹ́mórì tuntun bọ̀ ọ́, kó lè yára. Ọ̀la sì ni Ànú máa gbé àpilẹ̀kọ rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ló wà.

Pí! Pí! Pí! Ojú kọ̀ǹpútà ṣú dùdù.

Màmá Ànú ti gbé fóònù, ó pe ẹni tó ta mẹ́mórì náà fún un. "Ayédèrú lo tà fún mi ní Ṣàngó! Olè!"

"Màmá, mo dán an wò lójú yín o!"

"Ojú ẹ á fọ́!"

Ànú bú sẹ́kún, ó sáré lọ pe Nùrẹ́nì tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe.

Nùrẹ́nì yọ mẹ́mórì náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Màmá, ta ló ta òróró sí nǹkan yìí?"

"Yéè! Ọ̀tá ti wọlé mi!"

Nùrẹ́nì nù ún mọ́ tónítóní, ó kì í padà. Kọ̀ǹpútà tàn yanran!

Inú Màmá Ànú dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. Ó fa ìgò kékeré kan yọ ní abẹ́ ìró, ó nà án sókè.

"Ẹ rí i bí? Òróró àdúrà tí mo fi yàn án láàárọ̀ ti ń ṣiṣẹ́!"