Àpótí Plamen

Gbogbo ẹlẹgbẹ́ Plamen níbi iṣẹ́ ló ti ní àpótí kékeré tó ń lé ìpolówó kúrò lórí ìntánẹ́ẹ̀tì.

Láàárọ̀ yìí, òun náà ti so tiẹ̀ mọ́ ìntánẹ́ẹ̀tì ilé ìyá ìyàwó ẹ̀ ní ìlú Plovdiv.

Látìgbà náà, ìntánẹ́ẹ̀tì ń wá, ó ń lọ.

"Plamen! Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́ yẹn!" Desislava, ìyàwó ẹ̀, ń pariwo láti yàrá.

"Tẹlifíṣọ̀n Màmá ló ń dà á rú!"

Màmá Tsonka ń bó ata sísun ní tiẹ̀. "Nọ́ńbà wo lo fún àpótí ẹ lórí ìntánẹ́ẹ̀tì?"

"Màmá, kí lẹ mọ̀ nípa nọ́ńbà? Ẹ máa bó ata yín."

"Ọkùnrin ń gbélé àna, ẹnu ẹ̀ tún mú báyìí! Mo ní nọ́ńbà wo?"

"Méjì ló parí sí. Ó yé yín báyìí?"

Màmá nuwọ́, ó dìde, ó sún ìgò ata mẹ́ta sápá kan.

Àpótí kékeré kan bíi ti Plamen wà lẹ́yìn wọn, iná ń ṣẹ́jú lára ẹ̀.

"Nọ́ńbà àpótí tèmi lo gbé fún tìẹ, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jà. Yọ ọ́ kíá, kọ́mọ mi ríṣẹ́."

Ó padà sídìí ata ẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta lo ti wà nínú ilé yìí, Plamen. Ìpolówó wo lo rí tó o fẹ́ lé?"